Ẹ̀fúùfù Inú Téèpù

Ọjọ́ tí Ẹ̀fúùfù bá ọmọ ọwọ́ du orin ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rántí tí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀. Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n ti ń ṣeré lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ̀fúùfù ń fọn sasofóònù rẹ̀, onílù ń lu tirẹ̀, oníbáàsì ń fa okùn tirẹ̀, olúkúlùkù ń bá ọ̀nà ara rẹ̀ lọ bí ẹni pé wọn kò mọra rí. Jáàsì tí kò lófin ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀. Àfi bí ọmọ kan ṣe figbe ta láàárín èrò. Ojú ti ìyá ọmọ, ó sáré dìde kó gbé e jáde. Ẹ̀fúùfù yọ fèrè lẹ́nu.

"Ìyá ọmọ, ẹ jókòó."

"Ẹ má bínú sà, ó ń dà yín láàmú."

"Ta ló ń da ta láàmú? Òun ló wà lójú ọ̀nà, èmi ni mo ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò mọ orin jáde."

Ó sì jáde lóòótọ́. Ó lọ dúró sí àgbàlá lábẹ́ fèrèsé, ó ń fọn fèrè láti ìta, onílù àti oníbáàsì sì ń bá ọmọ náà lọ nínú ilé. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, oorun gbé ọmọ lọ. Bí èrò ṣe fẹ́ pàtẹ́wọ́ báyìí, Ẹ̀fúùfù yọrí lójú fèrèsé, ó fi ìka sẹ́nu: "Ẹ rọra o. Ẹ ó jí ọ̀gá."

Ìyàwó rẹ̀ ló gba eré ọjọ́ náà sílẹ̀ sórí téèpù. Òun náà ló gba gbogbo eré rẹ̀ tó kù, kì í sì í ṣe nítorí pé ó fẹ́ràn jáàsì. Aránṣọ ni obìnrin yìí, aṣọ tó bá tọ́ ló máa ń gbádùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ọkọ rẹ̀ bẹ̀ níṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ ni kì í padà wá mọ́. Ẹnìkan tilẹ̀ wà tí kò tan rẹ́kọ́dà rárá títí eré fi parí. Ó ní òun ń retí ìgbà tí wọ́n á tún ohùn irinṣẹ́ wọn ṣe tán, kí orin bẹ̀rẹ̀. Bí aya ṣe di ẹni tó ń jókòó níwájú nìyẹn, rẹ́kọ́dà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ oníbàárà lórí itan, tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣẹ́ etí aṣọ náà bí eré ti ń lọ. Tí àwọn aládùúgbò bá bi í léèrè, á ní: "Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ arẹwà fẹ́ ìyọnu. Èmi tí mo fẹ́ onífèrè ńkọ́?"

Ní báyìí, onífèrè ti lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, oorun ti di ohun ọ̀wọ́n lójú obìnrin náà. Àwọn téèpù kún inú páálí lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ débi pé kò ríbi na ẹsẹ̀ sí. Nígbà tí ọkùnrin kan láti ilé-iṣẹ́ orin wá sọ pé àwọn fẹ́ fi eré ojú agbo Ẹ̀fúùfù ṣe àwo orin, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kó máa kó o lọ. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni ọkùnrin náà. Ó ní àfi kí òun, ìyàwó, onílù àti oníbáàsì jókòó pọ̀, kí wọ́n jọ fetí sí i, kí wọ́n jọ yan èyí tó yẹ.

Ni wọ́n bá pé sí yàrá ìgbàlejò rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọn kò tíì lọ jìnnà tí ará ilé-iṣẹ́ orin fi dá téèpù dúró.

"Mà, ohùn kan wà tí mi ò mọ̀. Ní ìparí gbogbo orin, kí pàtẹ́wọ́ tó bẹ̀rẹ̀, á dún: hìììn. Irinṣẹ́ wo nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin? Kí lẹ ń lò?"

"Mi ò lo nǹkan kan. Ó ń rẹ̀ mí ni."

Onílù bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ gbá orúnkún. Ó ní nínú gbogbo àwọn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun nìkan ni kì í pẹ́ wọ inú orin. Ọ̀rọ̀ wá di ìtàn lórí ìtàn. Oníbáàsì, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sábà yá, ló rán wọn létí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni Ẹ̀fúùfù ti máa ń dá fèrè kọ́, láàárín aṣọ oníbàárà, kí ariwo má baà pọ̀ jù. Síbẹ̀, olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wọn níyà, wá kanlẹ̀kùn ní àárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, tí ewúrẹ́ yín bá ń rọbí, ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ má wò ó níran."

Ṣé Ẹ̀fúùfù bínú? Rárá o. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jẹ oyè. Ó sọ orin náà ní "Ewúrẹ́ Ń Rọbí", ó sì pe olùkọ́ àgbà wá síbi tí wọn yóò ti ṣe é. Bàbá náà múra dáadáa, ó wá, ó jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó lọ bá Ẹ̀fúùfù, ó fajú ro.

"Ẹ ti bà á jẹ́."

"Kí ni mo bàjẹ́, bàbá?"

"Orin ni! Èyí tí ẹ fọn nílé, ẹkún rẹ̀ gùn, ó tún wá yí bírí ní àárín. Níbo lẹ gbé ibi tó yí bírí sí?"

"Bàbá, mi ò lè fọn ún bákan náà lẹ́ẹ̀mejì."

"Háà! Èmi tí mo ti há a sórí ńkọ́?"

Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ń súfèé rẹ̀ láti òdìkejì ògiri ní àràárọ̀, pẹ̀lú ibi tó yí bírí, kí ẹni tó ṣe orin má baà gbàgbé orin.

"Ti ewúrẹ́ sàn," onílù ní. "Èmi ńkọ́, tí ẹ̀gbọ́n pè sórí ìtàgé, tó ní kí n má lu ohun tí mo mọ̀? Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n wá lù?' Ó ní, 'Ohun tí o ò mọ̀.' Mo ní, 'Ohun tí mi ò mọ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń lù ú?' Ó ní, 'Ẹ̀n-ẹ́n, o ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.' Inú bí mi, mo kó igi ìlù sílẹ̀, mo káwọ́ gbera, mo sì ń pòṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Nígbà tá a ṣe tán, ẹ̀gbọ́n dì mọ́ mi gbàgì. Ó ní, 'Àbúrò, òní lo tó lùlù!'"

"Òótọ́ ló sọ," oníbáàsì dá a lóhùn. "Òṣé yẹn ni mo ń tẹ̀lé."

Wọ́n rín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyàwó náà rín tirẹ̀, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri. Gbogbo ẹni tó wá kí i kú ọ̀fọ̀ ló ń wá gbọ́ ti ọmọ ọwọ́ àti ti ewúrẹ́, òun náà sì ń sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀rín ọ̀hún ti fẹ́ẹ̀ di iṣẹ́ sí i lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó béèrè bí ọkùnrin náà ṣe rí lọ́jọ́ tí kò pani lẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n bá bi í pé ṣé kí wọ́n fi eléyìí sí i, á ní: "Bó bá ṣe wù yín." Bí wọ́n bá ní kí wọ́n gé tọ̀hún kúrù, á ní: "Ẹ gé e." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi dé ìdí páálí.

"Ó ku ẹyọ kan," ará ilé-iṣẹ́ orin ní, "ṣùgbọ́n mo rò pé ká fi sílẹ̀. Ẹ má bínú o, kò sí orin nínú rẹ̀."

Wọ́n mọ èyí tó ń sọ. Yàrá tí wọ́n jókòó sí yẹn gan-an ni wọ́n ti ṣe é, àwọn aládùúgbò ló jókòó yí wọn ká. Àìsàn ti wọ Ẹ̀fúùfù lẹ́dọ̀fóró nígbà náà, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fọn fèrè mọ́. "Mi ò ní fọn ún, dókítà," ló dáhùn. "Mo kàn máa mí sínú rẹ̀ ni."

Wọ́n tan téèpù. Onílù ń fi ìka lu apá àga kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Báàsì ń kùn nísàlẹ̀. Láàárín wọn, èémí ọkùnrin kan ń gba inú fèrè kọjá, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò di ohùn rárá. Wọ́n ń gbọ́ bí ìka rẹ̀ ṣe ń kan irin, bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn.

"Mà," ará ilé-iṣẹ́ orin rọra sọ, "ẹni tó bá rà á á rò pé ó ti bàjẹ́ ni."

"Ẹ gbọ́, ọmọ mi." Obìnrin náà na ẹ̀yìn kúrò lára ògiri. "Gbogbo èyí tí ẹ gé, ṣé mo bá yín jà?"

"Rárá, mà."

"Gbogbo èyí tí ẹ ti gbọ́ láti ìgbà tí a ti jókòó, ti Ẹ̀fúùfù ni. Ẹ máa pín in fáráyé. Èyí ni ọkọ mi. Bó ṣe ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nìyẹn láti ìgbà tí mo ti délé rẹ̀. Ẹ ò ní yọ ọ́."

Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó mi orí, ó ní ìparí àwo ni yóò wà.

Ibẹ̀ náà ló sì wà nígbà tí àwo jáde. Àwọn kan ní òun ló dùn jù. Àwọn kan gbé e padà lọ sí ìsọ̀, wọ́n ní àwo yín ń jò.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò tíì di ti èrò. Ìyàwó ní kí wọ́n tún tan án látìbẹ̀rẹ̀. Kò mú aṣọ kankan dání láti rán, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan lásán. Èémí náà ń lọ, ó ń bọ̀. Kò pẹ́ tí orí rẹ̀ fi yẹ̀ sí èjìká, tí ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, tí oorun sì gbé e lọ níbi tó jókòó sí, oorun ẹni tó ti rìn jìnnà. Onílù bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bò ó lẹ́sẹ̀. Ó wá na ọwọ́ láti pa rẹ́kọ́dà.

Oníbáàsì dì í lọ́wọ́ mú.

"Fi í sílẹ̀," ló sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Jẹ́ kí wọ́n jọ sùn."