Bàtà Ẹ̀gbọ́n Mi

Lẹ́yìn tí a wo àwọn pírámíìdì tán, afinimọ̀nà wa mú wa wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Káírò. Ó fi bàtà ọmọdé kan hàn wá nínú gíláàsì, tí wọ́n sin mọ́ ọmọ náà láyé àtijọ́.

Mo rántí ọ̀sán kan ní Mushin, tí òórùn epo mọ́tò gba fèrèsé wọlé. Mo rí sálúbàtà pupa kékeré kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù màmá mi, mo sì wọ̀ ọ́.

"Mọ́mì, ẹ wò ó, ó bá mi mu!"

Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n rọra bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n fi etí ìró nù ún.

"Ti ẹ̀gbọ́n ẹ ni."

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu ọ̀nà ni mo lọ jókòó sí, mò ń retí rẹ̀ ká lè jọ ṣeré.