Ọkùnrin Faransé tí Mo Hun Fìlà Dè

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Nuzlah, níhà gúúsù Jídà nílẹ̀ Lárúbáwá, ilé wa kò ju yàrá méjì lọ, ṣùgbọ́n a ní sinimá.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Yàrá aládùúgbò wa kan ni sinimá náà. Bàbá Kétu là ń pè é, nítorí Kétu ló ti wá, ní apá ibi tí àwọn Faransé ti jọba. Ó ti ṣiṣẹ́ nílé òyìnbó Faransé kan rí ní Jídà. Nígbà tí ìyẹn ń padà sílùú rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ sinimá kan àti àpótí fíìmù sílẹ̀ fún un. Lọ́sàn-án Jímọ̀, tí àwọn ọkùnrin bá ti mọ́ṣáláṣí dé, Bàbá Kétu á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé, á ta aṣọ funfun sára ògiri. Gbogbo ọmọ Yorùbá àdúgbò á rọ́ wọlé, a ó sì máa làágùn bí ẹni wà nínú ààrò.

Sinimá náà kò ní ohùn. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ á la ẹnu, wọ́n á pa á dé, ìwé Faransé á sì jáde. Bàbá Kétu ló ń kà á fún wa. Àwa tí òbí wa ti Nàìjíríà wá gbà pé kò sí ará Kétu tí kò mọ Faransé kà. Ohun tó bá ti sọ, abẹ gé e.

Ọkùnrin kan náà ló ń ṣeré nínú gbogbo wọn: ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dá irunmú sí, ó máa ń dé àkẹtẹ̀ dúdú. Bàbá Kétu ní ìyá rẹ̀ tó sọnù ló ń wá kiri. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí débi pé mo ń gbàdúrà fún un lẹ́yìn ìrun.

Àfi ọjọ́ tí a wo fíìmù kan látòkè délẹ̀ tí a kò rí i.

“Bàbá, ọkùnrin wa dà?”

“Ó ti di olùdarí eré. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ló dúró sí báyìí, òun ló ń pàṣẹ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n sáré, kí wọ́n sunkún.”

“Kò ní jáde mọ́?”

Omi ti lé sójú mi. Ó wò mí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìwọ nìkan ni mo máa sọ fún. Ó ti gba Ìsìláàmù. Ó ń bọ̀ wá ṣe hájì lọ́dún yìí, Jarwal ló máa dé sí. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o.”

Jarwal, ní Mẹ́kà, ni ìyá mi ti máa ń se oúnjẹ fún àwọn àlejò hájì. Mo fi oṣù méjì hun fìlà funfun kan.

“Ta lo ń hun fìlà fún?” ni ìyá mi bi mí.

“Àlàájì kan ni.”

“Àlàájì wo? Ṣé ilé ọkọ ti yá ni?”

Nígbà tí a dé Jarwal, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń wo ojú gbogbo ọkùnrin aláwọ̀ funfun tó ń kọjá. Ẹ wo wàhálà mi: àkẹtẹ̀ àti kóòtù dúdú ni mo fi mọ̀ ọ́n, ẹni tó wọ aṣọ hájì kì í sì í borí. Gbogbo wọn jọra. Mo na fìlà sí ará Túkì kan, ó rò pé mo ń tà á ni. Nígbà tí àwọn àlejò ń wọkọ̀ lọ sílé, mo sunkún títí ìyá mi fi rò pé ibà ló ń ṣe mí.

Bí a ṣe dé Nuzlah, mo lọ sọ fún Bàbá Kétu pé kò wá. Ó bú sẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

“Ìyàwó Faransé, ọkọ rẹ dé àbí kò dé?” Àwọn ìyá àgbà pàápàá ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Irọ́ rẹ̀ dùn mí. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé ẹni tó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, òun náà ló fi mí ṣe sinimá fún gbogbo àdúgbò. N kò wọ yàrá yẹn mọ́.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu mi, gbé fóònù wá. “Sittī, ṣé òun nìyí?” Sittī ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbí. Òun ni, pẹ̀lú irunmú rẹ̀. Ọmọ náà ka ìtàn rẹ̀ fún mi: pé lóòótọ́ ló fi eré ṣíṣe sílẹ̀ tó di olùdarí, pé ó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ó wá ní kí fóònù túmọ̀ ìwé Faransé inú eré náà. Ọkùnrin náà kò wá ìyá kankan. Ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ló ń sá fún.

Gbogbo Jímọ̀ wọ̀nyẹn! Àṣé Bàbá Kétu kò mọ ìwé kà rárá. Òdòdó ló ń bomi rin nílé òyìnbó yẹn. Bí mo ti dàgbà tó yìí, ó tún dùn mí bí ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí ní Ìyàwó Faransé.

Ayé ti yí o, ẹ̀yin ọmọ mi. Sinimá ti wà ní gbangba ní Jídà báyìí, ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí wa lára, kò sí bùláńkẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé. Ọmọ ọmọ mi mú mi lọ síbẹ̀. Àwọn inú fíìmù ń sọ èdè òyìnbó, ìwé Lárúbáwá ń kọjá nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi kò ká àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ yẹn mọ́.

“Kí ni wọ́n ní?” mo bi í. Ó sọ fún mi.

Èmi ni mo tọ́ ọmọ yìí, kò parọ́ fún mi rí. Síbẹ̀ mo tún sún mọ́ etí rẹ̀.

“Ṣé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an nìyẹn?”