Ìwé Àwòrán Inú Bélì Òkìríkà

Òkìríkà ni ìyá mi ń tà ní ọjà Ìjerò, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn aláròyé a máa sọ pé aṣọ òkú òyìnbó ni. Ìyá mi a ní òkú kì í bèèrè aṣọ, kí wọ́n sanwó. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ń já okùn bélì, ìyẹn ìdì aṣọ náà, èmi ni òórùn inú rẹ̀ ń kọ́kọ́ bù lù: òórùn káńfọ̀, àti òórùn ara ẹni tí n kò mọ̀ rí.

Inú irú bélì bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí ìwé náà, láàárín kóòtù dúdú méjì. Ó nípọn tó búrẹ́dì. Àwòrán ló kún inú rẹ̀, a kò sì lè ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Tíṣà jọ́gíráfì wa ní ti ilẹ̀ Jàpáànù ni, pé àwọn ọ̀dọ́ bíi tiwa ló ń kà á lọ́hùn-ún. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ pé máńgà ni wọ́n ń pè é.

Mo gbé e lọ fún àbúrò mi obìnrin. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, èmi sì jẹ́ mẹ́rìnlá. Àìsàn inú egungun ti dá a dùbúlẹ̀ láti ìgbà ìkórè kòkó, ilé ìwòsàn sì ti ní ká máa gbé e lọ sílé. Mo ń gbàdúrà kí Ọlọ́run má mú un. Ká má purọ́, ìjà ni mò ń bá Ọlọ́run jà.

Ojú ewé tá a kọ́kọ́ ṣí, ìsìnkú ni. Ọmọbìnrin kan wà nínú pósí, àwọn èèyàn yí i ká, wọ́n ń sunkún. Ẹ gbà mí! Nígbà tá a ṣí ewé mélòó kan sí i, ọmọ náà lajú. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó rù kan egungun. Bí a ṣe ń ṣí i lọ ni ara rẹ̀ ń le, títí tó fi wọ yunifọ́ọ̀mù, tó ń sáré lọ sí iléèwé. Ṣùgbọ́n obìnrin onírun gígùn kan ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ nínú gbogbo àwòrán yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò rí. Nídìí pósí, obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò ó létí. Bí ara ọmọ náà ṣe ń yá ni obìnrin náà ń jìnnà, títí tó fi kéré bí èèrà lẹ́nu ọ̀nà.

Àbúrò mi di ọwọ́ mi mú. "Àǹtí mi, ó ń lọ."

Kí ni mo tún ń wá? Ọlọ́run ti fèsì. Lójoojúmọ́, bí mo bá ti iléèwé dé, a ó tún ìwé náà kà. Ìyá mi rí pósí inú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó lọgun pé, "Gbé òkú yẹn kúrò nulé mi!" Mo fi ìwé pamọ́ sábẹ́ ẹní àbúrò mi.

Télọ̀ ará Ìwó kan wà lójúde wa tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń lọ sí ilé-kéwú. Ọmọ náà ló máa ń jókòó ti àbúrò mi tí mi ò bá sí nílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àbúrò mi sùn, mo fi iṣẹ́ ìyanu mi hàn án. Ó wo ẹni tó sùn, ó wo èmi. Ó yí ìwé náà padà, ó ṣí i láti ọwọ́ ọ̀tún.

"Ibí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀," ló wí jẹ́jẹ́. "Bíi ti kéwú wa. Ẹ̀yìn lo ti ń kà á."

Inú bí mi. Mo ní ta ló bi í léèrè, ọmọ ẹlẹ́nu bí abẹ! Mo já ìwé gbà, mo jáde lọ sẹ́yìn ilé, mo sì kà á bó ṣe wí. Ọmọ inú ìwé náà ń sáré lọ sí iléèwé, ara rẹ̀ le koko. Obìnrin náà yọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣí ewé, ó ti wọlé. Mo tún ṣí i, ó ti dúró lẹ́yìn àga. Ó dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Òórùn káńfọ̀ gba imú mi níbi tí mo jókòó sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí aṣọ kankan nítòsí. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè wẹ̀yìn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé ìwé ti sọnù. Ní ọjọ́ kẹrin, àbúrò mi wò mí lójú.

"Ẹ ti kà á láti ọwọ́ ọ̀tún, àbí?"

Mo gbójú kúrò lójú rẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí ọmọ télọ̀ ti fi hàn mí. Èmi ni mo ní kó má sọ fún yín. Ẹ ò jẹun tẹ́lẹ̀, Àǹtí mi. Ìgbà tẹ́ ẹ rí ìwé yẹn lẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun."

Ó ní kí n mú un wá, kí n kà á bí mo ṣe máa ń kà á. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi pósí. Omi ń dà lójú mi bí mo ṣe ń sọ fún un pé obìnrin náà ti ń lọ, òun náà sì ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ń lọ.

Kò lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Mo sunkún rẹ̀, ṣùgbọ́n inú tó bí mi sí i ju ẹkún lọ, kò sì tíì tán nínú mi dòní. Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Èmi ló yẹ kí n máa purọ́ fún un.