Ẹ Bi Apòògùn

Òórùn páálí tuntun àti ti fítámíìnì tó ti rin díẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá oògùn ilé ìwòsàn wa ní Ṣómólú. Ọdún méjìlá ni mo fi gbóòórùn rẹ̀ láràárọ̀, láti ìgbà tí mo ti jáde nílé ẹ̀kọ́ ìlera títí irun funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́bàá etí mi. Tẹkiníṣíànì ni mí. Àwa là ń tú páálí, tí à ń to oògùn sórí pẹpẹ, tí à ń kà á sínú ọ̀rá, tí a sì ń kọ ìgbà tí aláìsàn máa lò ó sí i lára. Apòògùn ni ọ̀gá wa. Òun ló kàwé ní yunifásítì, òun ni òfin mọ̀, òun ló sì yẹ kó fọwọ́ sí ohun gbogbo kó tó jáde lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn kò mọ ìyàtọ̀. "Dókítà" ni wọ́n ń pè mí, n kò sì tún un ṣe fún wọn rí. Tí mo bá ń lọ sílé ní Bàrígà nírọ̀lẹ́, tí ìyá kan ké sí mi láti òdìkejì títì pé, "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o," ńṣe ni mo máa ń na ọrùn bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ilé ìwòsàn náà.

Apòògùn àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ó máa ń sọ pé ojú ẹnì kan kò tó oògùn í wò. Bí òun bá mú oògùn, èmi a wò ó. Bí èmi bá mú un, òun a wò ó. Tí mo bá rí àṣìṣe ọwọ́ rẹ̀, mo máa tẹ ìka mi lé páálí náà láìsọ̀rọ̀, òun náà a sì pààrọ̀ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Èrò tó wà níta kì í mọ̀. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, mo sunkún bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń lọ sídàálẹ̀.

Obìnrin ni wọ́n gbé wá rọ́pò rẹ̀, ọmọ ọdún bíi méjìdínlọ́gbọ̀n, tó ń ti Ọbaníkòró wá. Àbúrò mi tí ìyá mi bí kẹ́yìn gan-an jù ú lọ. Ó yára lọ́wọ́, ó yára lẹ́nu, kì í sì í jókòó. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan tó fi lẹ ìwé mọ́ ògiri pé tẹkiníṣíànì kò gbọdọ̀ ṣàlàyé oògùn fún aláìsàn mọ́, apòògùn nìkan ni kó máa ṣe é. Lónìí mo lè sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà náà, ohun tí mo rí kò ju ọmọ kékeré kan tó ń lé mi kúrò lójú fèrèsé mi. Mo ń sọ kiri pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. N kò bi ara mi léèrè pé kí ni mo fẹ́ fi gbogbo àkísà náà ṣe.

Orí oògùn ikọ́ ọmọdé ni ìjà wa ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ń ṣàlàyé fún ìyá ọmọ kan tí kò ju oṣù mẹ́jọ lọ, dípò ṣíbí kékeré kan, ó pè é ní méjì. Mo gbọ́ ọ. Mo lè tẹ ìka lé ìgò náà bí mo ti máa ń ṣe fún apòògùn àgbà. Dípò bẹ́ẹ̀, mo dìde, mo sì gbé ohùn sókè kí gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì lè gbọ́.

"Ọmọ mi, ṣíbí kan ni! Ṣé o fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Dókítà, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín," èmi ló ń kí. Mo gbádùn ẹ̀rín náà. Mo ṣì rántí bó ṣe gbóná nínú àyà mi, bíi tíì tí èèyàn mu láàárọ̀ òjò.

Nígbà tí èrò lọ tán, ó pè mí sínú ibi tí a ń kó páálí sí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má pè mí lọ́mọ yín níbi iṣẹ́. Bí mo bá ṣìṣe, ẹ pè mí sẹ́yìn. Mo máa gbọ́."

Mo ní, "Òótọ́ ni mo sọ."

"Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ọmọ yẹn lẹ ṣe sọ ọ́ báyẹn."

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sì jáde; òótọ́ tó sọ yẹn ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ kejì ìwé kúẹ́rì tó fi bá mi wí dé sórí tábìlì mi. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n ka oògùn, kí n sì tò ó. Ohunkóhun tí apòògùn bá mú jáde, kí n má dá sí i. Mo fọwọ́ sí i pé mo ti kà á.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tẹkiníṣíànì wá bá mi nígbà tó gbọ́. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀ ni. Ó ní, "Ṣé ó ní kẹ́ ẹ má dá sí i? Ẹ má dá sí i. Ẹ jẹ́ kó máa dá a ṣe. Ọjọ́ tó bá dojú dé, gbogbo ayé á mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

Ó tó oṣù méjì tí a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Bó bá nílò nǹkan, á kọ ọ́ sórí bébà, á gbé e síwájú mi. Èmi náà á ṣe ohun tó wà lórí bébà, n kò ní ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú kọ́kọ́ ń bí mi gan-an. Nígbà tó yá, inú kò bí mi mọ́. Nǹkan kan kàn kú tipiri nínú mi, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́. Mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń ka oògùn, mò ń padà sílé. Ọkọ mi á béèrè bí iṣẹ́ ṣe rí, mo máa ní dáadáa ni.

Láàárín ìgbà yẹn ni wọ́n kó oògùn tuntun dé. Páálí ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà jọra bí ìbejì, funfun tó ní ìlà búlúù. Láyé apòògùn àgbà, mo máa yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí i lórí bébà pé kí n yà wọ́n. Mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ọjọ́ Túsìdeè ni, ọjọ́ àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Bàbá arúgbó kan wà tó ń tún àwọ̀n ẹja ṣe létí ọ̀sà ní Bàrígà, tó máa ń wá gba oògùn lóṣooṣù. Nígbà tó kàn án, mò ń ka oògùn ibà lórí tíréè. Mo gbójú sókè, mo sì rí ọwọ́ apòògùn tó kọjá lára páálí ẹ̀jẹ̀ ríru, tó mú ti ìtọ̀ ṣúgà, tó ti káàdì oògùn méjì sínú ọ̀rá. Ọwọ́ mi dúró lórí tíréè. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ láàárín àwa méjèèjì. Mo la ẹnu. Mo rántí ibi tí mo fọwọ́ sí, mo sì pa á dé. Ohun tó yà mí lẹ́nu títí dòní ni pé àyà mi kò já.

Bàbá yẹn yẹ káàdì náà wò. Kò bi apòògùn. Èmi tó ti mọ̀ lọ́dún gbọọrọ ló bẹ̀rẹ̀ wò láti ojú fèrèsé.

"Dókítà, ṣé oògùn mi àtijọ́ náà nìyí? Ojú rẹ̀ ti yàtọ̀."

Mo ní, "Ẹ bi apòògùn."

Apòògùn ti ń mú ìwé ẹni tó kàn. Ó ní, "Òun náà ni, Bàbá. Páálí ni wọ́n yí padà."

Bàbá dúpẹ́. Ó ní tòun ti tán láti ọjọ́ Sátidé, òun kò tíì jẹun, ṣùgbọ́n òun máa lò ó kí òun tó jókòó sídìí àwọ̀n. Ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Mo padà sídìí tíréè. N kò rántí iye tí mo ti kà dé, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ení.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti fi òwe yìí bá ọ̀pọ̀ èèyàn wí. Kò wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà rárá. Mò ń kà, mò ń dì, mò ń kà, mò ń dì, títí aago kan fi lù. N kò lè sọ pé ẹ̀rí ọkàn ló gbé mi dìde, nítorí n kò gbọ́ ohùn kankan. Mo kàn rí i pé mo ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo ti sọ pé mò ń lọ jẹun, mo sì ti wà nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí etí ọ̀sà.

Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ló júwe rẹ̀ fún mi. Ó fẹ̀yìn ti ara ọkọ̀ ojú omi kan, òógùn bo gbogbo ara rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ń lọ́. Ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó gbé ọkọ̀ náà wọ yàrá kí òjò má pa á. Òjò kò rọ̀, kò sì ṣú. Ìyàwó rẹ̀ ń da omi sí i lórí, ó ń pe Ọlọ́run. Mo mọ ohun tó ń ṣe é: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti wálẹ̀. Mo ní kí wọ́n wá ṣúgà kíákíá. Wọ́n pò ó mọ́ omi, mo gbé orí rẹ̀ lé apá mi, mo ń fún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gbé e mì dáadáa. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó padà sípò. Ó wò wá yíká, ó ní, "Kí ni gbogbo yín ń wò?"

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn wa, ó lo ọjọ́ méjì níbẹ̀, ó sì padà sílé. Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Báwo lo ṣe mọ̀, ọmọ mi?"

Mo ní, "Ọkàn mi ló sọ fún mi, mà." Obìnrin tó tó bí mi lọ́mọ yìí fẹ́ kúnlẹ̀, mo sì gbé e dìde.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn pè wá jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa sì wà níbẹ̀. Ọ̀gá bi mí bóyá mo rí oògùn náà kí Bàbá tó kúrò lójú fèrèsé. Mo ní, "Rárá, sà. Ìgbà tí mò ń tún pẹpẹ tò ni mo rí i pé káàdì ìtọ̀ ṣúgà dín." Ó jáde lẹ́nu mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pe Bàbá láti bi í. Apòògùn dìde dúró, ó ní, "Ọwọ́ mi ni. Èmi ni mo mú un."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti dúró dè mí. Kò pariwo.

"Mo rí ọwọ́ yín lórí tíréè, mà. Ó dúró. Lẹ́yìn náà ẹ tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé kíkà ló dàrú mọ́ yín lójú. Èmi náà sì ni mo kọ ọ́ pé kẹ́ ẹ má dá sí i."

Ó yẹ kí n sọ nǹkan. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ. Wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé, kò sì padà sọ́dọ̀ wa mọ́. Mo gbọ́ pé ó ti kúrò ní Èkó, pé kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ oògùn mọ́. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Èmi gba ìwé ìyìn. Ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́ fún mi nípàdé, akọ̀wé ní mo ti gba ẹ̀tọ́ wa padà. Ọkọ mi fi férémù sí ìwé náà, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Mo ń dúró de ìdùnnú, kò dé. Mo wá ń dúró de ìbànújẹ́, ìyẹn náà kò dé. Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹja yíyan ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo rò pé n kò ní lè jẹ ẹ́. Mo sè é, a jẹ ẹ́, ó dùn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ránṣẹ́, n kò sì sọ òótọ́ fún un.

Ọjọ́ ogbó ló pa á, lọ́dún tó kọjá. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn ọmọ rẹ̀ mú mi jókòó láàárín ẹbí. Àkọ́bí dìde, ó ní èmi ni mo fún bàbá àwọn ní ọdún tó lò kẹ́yìn, pé kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Gbogbo ojú wò mí. Mo ní, "Ọlọ́run ló ṣe é." Wọ́n ṣe àmín, àfáà sì ń bá àdúrà lọ.

N kò sí lójú fèrèsé mọ́. Èmi fúnra mi ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé mi lọ sí ibi tí a ń kó fáìlì sí, níbi tí aláìsàn kì í dé. Nígbà míì mo máa ń rò pé bí ẹnì kan bá bi mí gan-an, tó jókòó tì mí tó dúró de èsì, bóyá gbogbo rẹ̀ á tú jáde, bóyá màá sunkún. Àwọn ọ̀dọ́ tẹkiníṣíànì máa ń béèrè, ṣùgbọ́n ìdúró ni wọ́n fi ń béèrè, iṣẹ́ ń pè wọ́n. Wọ́n á ní, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi kúrò lójú fèrèsé?" Mo máa ń sọ fún wọn pé orúnkún ló ń dùn mí. Wọ́n á ní pẹ̀lẹ́, mà, wọ́n á sì máa lọ.

Kò sí ohun tó ń ṣe orúnkún mi.