Ọ̀sẹ̀ tí Ọ̀run Wọ Pupa

Ọ̀sẹ̀ kan wà tí mo bínú sí bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ojú ọ̀run ló sì dá a sílẹ̀.

Ọdún kẹta tàbí ìkẹrin lẹ́yìn òmìnira ni. Abúlé kan lẹ́bàá Igbótako là ń gbé. Bàbá mi ń kọ ẹyìn, ìyá mi ń fi í ṣe epo, èmi sì ń gún un. Ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Oǹdó ti gbà mí wọlé. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tí kò bá dé kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo ti ka ìwé náà títí ojú ibi tí mo ṣẹ́ ẹ sí fi fẹ́ ya. Mo ti di àpótí mi, ìyá mi sì ti yan gààrí sínú agolo bí ẹni tó ń ṣe ètò ìyàwó.

Ojú ọ̀run ti ń ṣe bákan kí Kérésì tó dé, a ò kàn kà á sí. Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ gan-an ló wá le. Oòrùn á wọ̀ tán, a ó ti kó ewúrẹ́ wọlé, ìwọ̀-oòrùn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ á dà bí epo tuntun, òkè rẹ̀ á ní àwọ̀ àlùkò. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ìyá mi wo aṣọ àdúrà funfun bàbá mi tó sá sórí okùn, ó rí i tó pọ́n, ó ní mo ti fi ọwọ́ epo kàn án. Ó tún un fọ̀ nígbà méjì. Kò bẹ̀ mí títí dòní.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, a kì í wọ pupa. Bí ọ̀run fúnra rẹ̀ bá wá wọ̀ ọ́, bàbá mi ní ìbínú Ọlọ́run nìyẹn. Ó pè wá jọ, ó ní, “Ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí ò gbọdọ̀ wọ mọ́tò títí ọ̀run á fi bọ́ aṣọ yẹn.” Ó wá gbé ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kà wá lórí. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú wọn, mo sì ń gbàdúrà tèmi lábẹ́lẹ̀ pé kí Olúwa jọ̀ọ́, kí ó pààrọ̀ aṣọ. Ọjọ́ mẹ́ta pé, ọ̀run tún pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo yí ẹ̀yìn sí bàbá mi nídìí oúnjẹ. 

Ní Ọjọ́bọ̀, tíṣà tó kọ́ mi níwèé gun kẹ̀kẹ́ wá wo ohun tó dá mi dúró. Ó jókòó ti bàbá mi, ó ṣàlàyé pé òun kà á nínú ìwé ìròyìn pé òkè kan bú gbàmù ní erékùṣù kan lọ́nà jíjìn, ó pọ iná, eérú àti èéfín rẹ̀ sì lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí òjò ò lè fọ̀ ọ́ wálẹ̀, afẹ́fẹ́ wá ń gbé e yí ayé ká.

“Bàbá, tí a bá ń sun oko, ṣé oòrùn kì í pọ́n nínú èéfín?” Tíṣà bi í.

“Ó ń pọ́n,” ni bàbá mi wí. “Ṣùgbọ́n Tíṣà, oòrùn á ti wọ̀ kí eléyìí tó bẹ̀rẹ̀. Iná wo ló ń tàn sí i?”

Tíṣà họ orí. Èmi tí mi ò bá bàbá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin ni mo lanu. Mo ní, “Bàbá, ẹ máa ń sọ fún wa pé tí ẹ bá wà lórí ọ̀pẹ nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ á ti ṣú sí àwa tó wà nísàlẹ̀, oòrùn á ṣì wà lójú yín. Eérú náà ga ju ọ̀pẹ lọ. Oòrùn ò tíì wọ̀ fún un ni.”

Bàbá mi wò mí. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá mi mú igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ, ó gun èyí tó ga jù lẹ́yìn ilé, ó jókòó sínú okùn náà títí pupa yẹn fi tán. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n múra, ọ̀la ni a ń lọ.

Òun ló ru àpótí mi dé ibùdókọ̀ ní Òkìtìpupa. Mo ti wọ inú bọlẹkájà, mo jókòó, inú mi ń dùn pé mo ti borí, nígbà tó sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ̀rù bà mí,” ó ní. “Láti ọjọ́ kejì ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ìbínú. Mi ò kàn mọ bí ilé á ṣe rí tí o ò bá sí níbẹ̀.”

Ọkàn mi yọ́ pátá. Ìfẹ́ rẹ̀ bò mí débi tí mo fi dìde pé kí wọ́n sọ àpótí mi kalẹ̀, n óò lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tì mí jókòó. Ó ní rárá, ọjọ́ márùn-ún sí i pẹ̀lú mi lòun fẹ́, òun sì ti rí i gbà, ó tó òun. Ó wá na ọwọ́ sí awakọ̀ pé kí ó máa lọ.