Ohun Tí Kò Sí Nínú Àpò Ìyá Sítọ̀

Ẹ ṣèèṣì kí Ìyá Sítọ̀ ní "ẹ káàárọ̀" pẹ́nrẹ́n, ìbéèrè ni yóò fi dá a padà: "Bí omi bá ya wọlé lónìí, kí lẹ máa gbé?" Ẹ ní oúnjẹ inú agolo. "Kí lẹ máa fi ṣí i? Eyín?" Ẹ ní tọ́ọ̀ṣì. "Bátìrì rẹ̀ ńkọ́?" Ẹni tó bá ní bátìrì, á bi í léèrè fèrè tí yóò fọn nígbà tí ohùn bá há. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn ilé làwọn ará àdúgbò ń gbà kọjá.

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ìyá yìí fi ṣe sítókípà, olùṣọ́ ilé oògùn ọsibítù. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì, àpò dúdú kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló kù tó ń ṣọ́. Ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ ní nọ́ńbà. Àní oògùn, inú àpòòwé funfun ló ń dì í sí láìkọ orúkọ, kí olè má baà mọ èyí tó máa jí. Inú ìwé kékeré kan ni ìtumọ̀ nọ́ńbà wà, lẹ́tà rẹ̀ sì rí tíntìntín bí èèrà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù tẹ́lẹ̀ rí, kò tó bẹ́ẹ̀.

Àfi bí omi ṣe ya wọlé lóòótọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan! Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ síbi iṣẹ́. Ìyá Sítọ̀ gbé àpò kọ́rùn, ó ń ti ọkọ rẹ̀ lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, sí yàrá Télọ̀, aránṣọ tó ń gbé lókè.

"Ìyá Sítọ̀, o gbàgbé..." ni bàbá fẹ́ wí.

"Èmi kẹ̀! Èmi ni mo gbàgbé nǹkan? Bàbá wọn, ẹ máa gun àtẹ̀gùn ní tiyín."

Télọ̀ jókòó sídìí maṣíìnì, ó ń ránṣọ, ó fi rọ́bà ṣòkòtò so dígí ojú rẹ̀ mọ́rí.

"Ìwọ, kí lo pèsè sílẹ̀?"

"Abẹ́rẹ́ àti òwú ni mo ní, ìyá."

Ìyá Sítọ̀ pòṣé. "Òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ."

Télọ̀ kàn rẹ́rìn-ín, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tó di ọ̀sán, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bàbá. Nínú ìrúkèrúdò, kò tíì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Tìdùnnú-tìdùnnú ni Ìyá Sítọ̀ fi yọ ìwé. Ó gbé e sún mọ́jú, ó nà án jìnnà, ó gbé e lọ sójú fèrèsé. Ó fọwọ́ kan imú. Yéè! Dígí rẹ̀ wà lórí tábìlì oúnjẹ, bóyá tábìlì gan-an ti ń lúwẹ̀ẹ́ báyìí.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àpòòwé méjì ló wà lọ́wọ́ ìyá, oògùn funfun róbótó ló wà nínú méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ ti bàbá. Èkejì, inú omi ni wọ́n ń jù ú sí láti fi pa kòkòrò. Ó gbóòórùn wọn, òórùn kan náà ló bo méjèèjì.

"Ẹ mú ìwé wá, kí n bá yín kà á," ni Télọ̀ wí.

"Ìwé sítọ̀? Láéláé!" Ó wo òógùn iwájú orí ọkọ rẹ̀. "Ó dáa, yọ dígí yẹn fún mi, jọ̀ọ́, ọmọ mi."

Rọ́bà náà há sí i nínú gèlè, ṣùgbọ́n lẹ́tà hàn kedere: kẹsàn-án ni ti bàbá. Bàbá gbé e mì. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ojú rẹ̀ wálẹ̀.

"Ṣí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn," ni bàbá wí fún ìyá.

Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀, gbàgìdìgbàgìdì, bí ọwọ́ awakọ̀: *25. Dígí ìyàwó mi. Kò sí nínú àpò.* Déètì ọdún tó kọjá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ kọ nǹkan sínú ìwé mi?" ni ìyá bi í.

"O ò jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́nu, ni mo ṣe kọ ọ́."

Ìyá Sítọ̀ fi báírò tọ ipa pẹ́ńsùlù náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na báírò sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ sí i," ló wí. "Níbi tí mo kọ 'sítókípà' sí yẹn."