Kúlà Tó Ń Jáde Ní Òfìfo

Bí mo bá rí ọkùnrin tó ń fi áńkáṣífù nu awò ojú kó tó dá èèyàn lóhùn, inú á bí mi. Ọ̀gá kan báyìí ló fà á. Àdúgbò Ìlódè la jọ ń gbé nígbà tí ìlú wa àti ìlú tó múlé gbè wá ń bára wọn jagun. Ìjọba ológun fi í sínú ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn tí wọ́n kó tì mọ́lé nítorí ìjà náà. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tó wà látìmọ́lé náà.

Wọn ò jẹ́ ká rí i. Ìyá mi kàn ń gbé kúlà oúnjẹ rẹ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu géètì àtìmọ́lé láràárọ̀ ni, wọ́n á sì dá a padà ní òfìfo nírọ̀lẹ́. Ìyá mi bi ọ̀gá yìí bóyá ó ti fojú kan ọmọ òun. Ó nu awò.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ṣebí òfìfo ni kúlà ń jáde? Wọ́n ń jẹun yó nìyẹn."

Ohun tó kọ ránṣẹ́ síjọba nìyẹn. Kò débẹ̀ rí, ọ̀lẹ!

Nígbà tí wọ́n pè wá wá gbé òkú, ẹ̀gbọ́n mi ti kú láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, kúlà ṣì ń jáde ní òfìfo.

Ojú ò ti ọ̀gá, ó wá bá wa kẹ́dùn. Ìyá mi kì í jẹ́ kí àlejò lọ láìjẹun. Ó gbé kúlà yẹn síwájú rẹ̀. Ọ̀gá ṣí i, kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

Ìyá mi ní, "Òfìfo ni, àbí? Ẹ ti yó nìyẹn, sà."